Ẹ Kú Ìjókòó, Mà

Mà. Èmi ni ó ń pè ní mà. Láti ìrọ̀lẹ́ àná títí di ìsinsìnyí tí oòrùn ti ń fẹ́ wọ̀, mà ni ṣáá. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ kú ìjókòó o, mà... Ọkọ mi o! Ọkọ tó mọ bí mo ṣe ń hanrun, òun ló ń kí mi bí ẹni ń kí ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù.

Kí ni mo ṣe fún un?

Jẹ́ n tún un rò. Mo ti rò ó títí orí ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n jẹ́ n tún un rò, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni kí ọkùnrin ilẹ̀ wa máa fi “ẹ” bá ìyàwó tó fẹ́ sílé sọ̀rọ̀. Ní Ìlá, èmi ni mo ń sọ “ẹ” fún un. Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ẹniọlá. Ẹ wá jẹun. Ẹ gbé bàtà yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó má gbé èèyàn ṣubú. Bí inú bá tilẹ̀ ń bí mi tí mo fẹ́ bú u, “ẹ” náà ni mo fi ń bú u. Adébóyè tó ń jẹ́, mi ò fi pè é rí, àfi bí àwọn nọ́ọ̀sì bá bi mí pé kí lorúkọ ọkọ mi. Inú ọkàn mi yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní “ó”, níbi tí ará ilé ọkọ kankan ò ti lè gbọ́ mi. Òun ní tirẹ̀, “o” ló ń sọ fún mi. Àwẹ̀ró, níbo lo wà? Àwẹ̀ró, o tún ti dé pẹ̀lú ẹnu rẹ. Bí wọ́n ṣe tò ó fún wa nìyẹn, kò sì dùn mí rí. “O” tó ń ti ẹnu ọkùnrin yẹn jáde, bí ìgbà tó gbé ọwọ́ lé mi léjìká ni.

Lánàá ó ká “o” bí ẹní, ó tẹ́ “ẹ” sílẹ̀ fún mi.

Ẹniọlá ló kó wa wá síbí. Àkọ́bí mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, tó rò pé gbogbo ohun tí òyìnbó ń ṣe ló yẹ kí àwa náà ṣe. “Mọ́mì, ẹ̀yin àti Dádì ò jọ lọ ibì kankan sinmi rí. Ẹ lọ sí erékùṣù tó wà lẹ́yìn Òkè-Ìlá yẹn. Òjò oṣù kẹjọ ti dáwọ́ dúró díẹ̀, ibẹ̀ á tutù dáadáa.” Mo ní kí ni àgbàlagbà ń wá láàárín omi, ṣé epìyà ni wá ni? Mo ní ta ni yóò máa ra obì dè mí lọ́jà, ta ni yóò máa bó o, ta ni yóò máa fi ewé dì í? Ó ní, “Mọ́mì, Jímọ́ọ̀ sí Sọ́ńdè péré ni.” Ó ní, “Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin méjì nìkan.” Ẹ̀yin méjì nìkan... Ó tẹnu mọ́ ọn. Mi ò bi í pé kí ló dé tó fi tẹnu mọ́ ọn.

Ibí dára o. Mi ò ní purọ́. Àwọn yàrá kéékèèké, ewé ni wọ́n fi bò wọ́n lórí bí ilé oko, omi yí wọn ká yípo. Igi ọ̀dán kan wà, àga gbọọrọ kan wà lábẹ́ rẹ̀, òun ni mo jókòó lé. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti orí omi. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ọ̀kadà, kò sí ẹni tó ń pè mí láti ojú fèrèsé pé Ìyá Ẹniọlá, ẹ ta obì fún mi. Ẹni tó bá rí wa lókèèrè á ní tọkọtaya yìí ń jẹ ayé orí wọn. Obìnrin kan lábẹ́ igi. Ọkùnrin kan létí omi. Ọkùnrin náà kò bojú wẹ̀yìn láti ọ̀sán.

Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn ni? Ṣé ohun tí mo sọ lójú Àyànṣọlá ló ń dùn ún?

Ọkọ mi wa ọkọ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí kòtò kan láti Ìlá dé Òkè-Ìlá tí òun àti kòtò náà kì í kí ara wọn. Láàárọ̀ àná, bí a ṣe jáde nílùú, ó kọrí sí ọ̀nà Iresi. Mo ní, “Bàbá Ẹniọlá, níbo là ń lọ?” Ó tún wà á síwájú díẹ̀. Ó wá ní, “Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí o gbà, Àwẹ̀ró.” Mo sì gbà á gbọ́! Mo tilẹ̀ na ẹsẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní ọkọ mi ti ń ṣe bí ọ̀dọ́. A wá yí padà. Nígbà tí a dé etí omi, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú Àyànṣọlá, atukọ̀ tó ń gbé èèyàn wọ ibí. Mo ní, “Ẹ wo dírẹ́bà àgbà, ọ̀nà Iresi ló fẹ́ gbé wa gbà dé Òkè-Ìlá.” Àyànṣọlá rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé... Mo ń rántí rẹ̀ báyìí. Ó kọ́kọ́ wo ojú mi, ó wo ojú Àyànṣọlá, kó tó wá rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ fún tí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kò bínú. Mo mọ̀ pé kò bínú, nítorí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fì, tí mo kígbe, ó di ọwọ́ mi mú. “Àwẹ̀ró, má bẹ̀rù, mo dì ọ́ mú.” Mo dì ọ́ mú ló wí. Kò sọ pé òun di yín mú. Àná yìí náà ni o, oòrùn ò tíì kan àtàrí.

Lẹ́yìn náà ló sùn. Oorun ọ̀sán. Nígbà tó jí, ó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wo igi, ó wo omi, ó wá wò mí. Ó tẹrí ba díẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o, mà.” Mo bú sẹ́rìn-ín! Mo ní, “Ẹ kú àjíǹde, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa, sà?” Mo rò pé eré ni. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ibí ló ń pa á bí ọtí, pé ó fẹ́ ká máa ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ara wọn. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo tilẹ̀ tún gèlè mi wé.

Kò wá jókòó tì mí. Àga yìí gba èèyàn mẹ́rin, ó lọ jókòó sórí òkúta lọ́hùn-ún. Nígbà tí Àyànṣọlá gbé ẹja wá, ọkọ mi gbé àwo tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Mo lọ bu ọbẹ̀ kún un fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọwọ́ méjèèjì, lọ́wọ́ èmi! “Ẹ ṣeun gan-an ni. Olúwa á bù sí i fún yín.”

Ìbínú ni mo wá pè é. Gbogbo obìnrin tó ti pẹ́ nílé ọkọ ló mọ ìbínú yẹn: ọkùnrin tí kò fẹ́ pariwo á di ọmọlúàbí lójijì. Ìyáàfin, ẹ ti dé? Ẹ bá wa bu omi bí ó bá wù yín. Mo ní kò burú, ahọ́n àti eyín a máa jà, inú á rọ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n mo mọ ìbínú ọkùnrin yìí. Bí inú bá ń bí i, kì í wo ojú èèyàn, imú rẹ̀ á kàn máa fẹ̀. Eléyìí ń wo ojú mi. Ojú rẹ̀ tutù. Kò sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Yorùbá tó ń sọ náà ńkọ́? Ohùn tiwa yàtọ̀, àwa ará Ìlá. Ohùn Ìgbómìnà la fi ń jà, òun la fi ń ṣòfófó, òun la fi ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa. Àfi bí àlejò bá wọlé la tó ń yí ahọ́n sí Yorùbá inú rédíò. Láti àná, Yorùbá inú rédíò lọkọ mi ń bá mi sọ. Ó ń pe ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dá a lóhùn ní ohùn ilé, ó tún ti inú rédíò dá mi lóhùn.

Kò sì sùn tì mí. Ó fa ẹní síta. “Ẹ máa sùn síbẹ̀, mà, èmi á wà lóde níbí.” Ó fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún mi bí ẹni fi àga sílẹ̀ fún àgbà nínú mọ́tò. Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún. Jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, ta ló ń gbọ́? Mo sunkún, mo fi aṣọ di ẹnu kí ó má gbọ́. Mo ní ó parí, mo ti sú u. Ara mi ti hunjọ, eyín iwájú mi ti lọ, ẹnu mi nìkan ló ṣì mú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ta ni kò ní sú?

Ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ yìí...

Ti òwúrọ̀ yìí ló mú orí mi gbóná. Ó jí, ó wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n. Ó wọ bùbá funfun tí mo dì sínú báàgì fún ọjọ́ Ìsinmi. Ó lọ sétí omi, ó dúró. Ó padà wá. Ó tún lọ. Mo pe Àyànṣọlá sí kọ̀rọ̀, mo ní kí ni Bàbá ń wò? Ó fọwọ́ ra orí. “Ẹ má bínú o, Mọ́mì. Wọ́n ní obìnrin kan ń bọ̀. Wọ́n ní kí n máa wo òdìkejì, bí mo bá ti rí i kí n sáré lọ gbé e.” Mo ní obìnrin wo? “Wọn ò sọ, mà. Inú wọn ṣáà ń dùn.”

Inú wọn ń dùn! Ẹ gbà mí o! Ibi tí ọmọ mi ní ká ti wá sinmi, ibẹ̀ ló pe obìnrin sí. Ọ̀rọ̀ mà tó ń pè mí wá yé mi wàyí. Ó fẹ́ sọ mí di ìyá. Ó fẹ́ kí tuntun gúnlẹ̀ kó bá àgbà obìnrin kan lábẹ́ igi, kí òun wá sọ pé àbúrò ìyá mi nìyẹn, kúnlẹ̀ kí wọn. Ta ni? Ràbíátù ni? Opó tó ń ta búrẹ́dì ní iwájú ilé wa, tí ọkọ mi ń lọ gbọ́ ìròyìn ní ìsọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ẹni pé rédíò wa ya odi? Mo mọ̀! Mo ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀rín obìnrin yẹn ti pọ̀ jù fún búrẹ́dì.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń to èébú sẹ́nu. Mo ti to ti Ràbíátù, mo ti to tirẹ̀, mo ti to ti ìyá tó bí Ràbíátù. Mi ò jẹun ọ̀sán. Òun náà ò jẹ. Ó mú àwo kan, ó fi bo ẹja tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lé eṣinṣin kúrò lórí rẹ̀. Ẹ wo ìtọ́jú! Bí ọkọ̀ apẹja kan bá yọ lókèèrè, á dìde. Á tún ọrùn bùbá ṣe. Bí ọkọ̀ náà bá kọjá lọ, á rọra jókòó. Irú ìdìde yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn, kí a tó bí ọmọ kankan. Mo ń jowú. Àgbàlagbà bíi tèmi, tí ó yẹ kó máa bá ọmọ ọmọ ṣeré.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ń dìde. Mo ń tún ìró mi ró. Màá lọ bá a, màá bi í lójúkojú, kó pe orúkọ rẹ̀ kí n gbọ́. Tó bá jẹ́ ìjà la máa jà lórí omi yìí, a ó jà á, Àyànṣọlá á sì là wá —

Mo ti padà sórí àga. Mi ò mọ bí mo ṣe rìn padà.

Rọra, Àwẹ̀ró. Rọra. Tún un gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀.

Mo ní, “Ta ni ẹ ń retí?” Ó yíjú sí mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ẹ̀ tijú. “Ìyàwó mi ni, mà. Ó wọ oko lọ ra obì. Ó ní kí n dúró de òun níbí, òun ò ní pẹ́.”

Mo ní, “Ìyàwó yín wo?”

“Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, mà. Àwẹ̀ró. Ó dúdú, eyín rẹ̀ ní èjí. Bó bá ń bọ̀ ẹ ó mọ̀, ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀.”

Ó pe orúkọ mi. Ó pè é lójú mi, pẹ̀lú adùn tí kò fi pè é mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kì í sì í ṣe èmi ló ń pè.

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, mo ń gbọ́. “Ẹ má bínú pé mi ò bá yín jókòó láti àná. Kì í ṣe ìgbéraga, mà. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ ni èmi àti ẹ̀yin níbí. Ìyàwó mi lówú. Bó bá bá èmi àti obìnrin mìíràn lórí àga kan, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ bú kó tó kàn mí, ẹ ò sì ní lè gba ẹnu rẹ̀. Ẹnu nìkan ló ní o, inú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sùn síta. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí kò dáa fún un.”

Èmi rèé. Mo sọ ọ́! Mo pariwo rẹ̀ pàápàá, ní ohùn ilé: Bàbá Ẹniọlá, èmi rèé, èmi ni Àwẹ̀ró! Ó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó wò mí láti gèlè dé bàtà. Àánú mi ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀ pé àánú mi ń ṣe é. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ìyàwó mi ò tíì dàgbà tó yín.”

Èmi ò tíì dàgbà tó mi. Háà, Ọlọ́run ọba... Ẹkún ni kí n sun ni, àbí ẹ̀rín ni kí n rín?

Ọ̀rọ̀ kan wà. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, mi ò fẹ́ kó gba ẹnu mi kọjá. Wọ́n sọ ọ́ nípa ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n di arúgbó kùjọ́kùjọ́, tí wọ́n ń kí ewúrẹ́ kú àbọ̀ ọjà. Àwọn èèyàn ní wọ́n ń ṣarán. Ìyẹn ti àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan sàréè. Ọkọ mi kọ́? Ọkọ tó gun òrùlé lọ́dún tó kọjá tó fi páànù tuntun síbi tó ń jò? Èèwọ̀. Kì í ṣe tiwa. Oorun ọ̀sán ló da orí rẹ̀ rú, bó bá tún sùn tó bá jí, oorun tó gbé e lọ á dá a padà. Á ní Àwẹ̀ró, ebi ń pa mí. Ṣùgbọ́n ó ti sùn mọ́jú òní. Ó sùn, ó jí, ó tún sọ pé ẹ káàárọ̀, mà.

Kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, àbí? Má tan ara rẹ jẹ. Awò ojú tó ń wá káàkiri tó wà lójú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí mo bá nínú ìkòkò ẹ̀wà. Iyọ̀ tó bù sínú tíì, tó mu ún tán kí ojú má bàa tì í. Mo ń fi gbogbo rẹ̀ rẹ́rìn-ín, mò ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà. Ẹniọlá ní, “Mọ́mì, ṣé Dádì ò gbàgbé nǹkan jù báyìí?” Mo bẹ́ mọ́ ọn. Mo ní ta ni kì í gbàgbé nǹkan, ṣé ìwọ náà ò gbàgbé láti pè mí lọ́jọ́ ìbí mi? Èmi tí mo lè fi ọwọ́ lásán mọ obì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, mi ò mọ tinú ilé mi. Nílé, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, gbogbo wọn ló ń fi “ẹ” kí. Bó bá kí èmi náà mọ́ wọn, ta ni yóò mọ̀? Ó di ibi tí kò sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin méjì nìkan... Ọmọ yẹn ti mọ̀. Ó ti mọ̀, kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó fẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i.

Màá pe Ẹniọlá. Òun náà á ní láti wá wà wá lọ sílé lọ́la, mi ò mọ ọkọ̀ wà, mi ò sì ní jẹ́ kí bàbá rẹ̀ di síárìn mú. Ní Mọ́ńdè a ó lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Oko. Oko wo ló ní mo wọ̀ lọ? Háà... Oko obì tó wà níbí ni. Abẹ́ omi yìí ni. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kí wọ́n tó sé odò tí omi fi bo gbogbo rẹ̀, ibí ni mo ti ń ra obì. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín wá. Bí mo bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà oko, á gba agbọ̀n lórí mi, á fi orí tirẹ̀ rù ú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ìyàwó ti sọ ọ́ di alágbàrù. Kì í dá wọn lóhùn. Á máa rìn níwájú mi, á máa súfèé. Ọ̀nà yẹn ló ń wò. Kì í ṣe omi ló ń wò rárá, ọ̀nà oko ló ń wò, ó ń retí kí n fi agbọ̀n yọ.

Ẹ̀ẹ́n. Mo ti wá rí orogún mi. Mo ti mọ ojú rẹ̀. Ó dúdú, eyín rẹ̀ ní èjí, ara rẹ̀ ò tíì hunjọ. Tìtorí rẹ̀ ló ṣe fá irùngbọ̀n. Tìtorí rẹ̀ ló ṣe bo ẹja mọ́lẹ̀, tí ebi fi ń pa á lójú oúnjẹ. Mo mọ ẹni tó jẹ́, mo sì ń jowú rẹ̀ síbẹ̀. Mo ń jowú rẹ̀ gan-an ni. Kí ló ní tí mi ò ní? Èmi ni mo wẹ ìyá ọkọ mi títí wọ́n fi kú. Èmi ni mo bí àwọn ọmọ. Òun ò tíì ṣe nǹkan kan fún un ju kó gbé obì bọ̀ láti oko.

Àwẹ̀ró, dákẹ́. Wò ó dáadáa.

Ó sá fún bẹ́ẹ̀dì tí obìnrin mìíràn wà. Ó sùn lórí ẹní lásán, nínú ẹ̀fọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ìsọkúsọ sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin ń fi ọbẹ̀ lọ̀ ọ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ó sọ fún àjèjì pé ìyàwó òun lówú, pé ẹnu rẹ̀ mú, ó sì fi ọ̀wọ̀ gbè é lẹ́yìn pé inú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń fura sí i, tí mo ń yọjú wo ìsọ̀ Ràbíátù láti ẹ̀yìn kọ́tìnì... Kò sí obìnrin tó lè mọ bí ọkọ òun ṣe ń ṣe bí òun ò bá sí níbẹ̀. Ká gbọ́ lẹ́nu èèyàn ni, ká fi ọkàn tán an ni. Èmi ti rí i. Mi ò sí níbí láti àná, mo sì ti rí bó ṣe ń ṣe lẹ́yìn mi.

Mi ò rí ohun tó burú kan.

Bí ẹnì kan bá ti sọ èyí fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, màá ti jó yí ọjà Ìlá ká. Báyìí ńkọ́? Ọkọ rere rèé, kò sí ohun tí mo lè fi ṣe. Ó ń dúró de ìyàwó rẹ̀, mi ò sì lè dé. Àyànṣọlá lè lọ kó lè bọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé mi wá síbi tí mo ti wà.

Ọkọ̀ apẹja kan tún ń yọ. Ó ti dìde.

Mo dìde. Mi ò tún ìró ró, mi ò tún gèlè wé. Mo rọra ń lọ sétí omi. Mi ò dúró tì í pẹ́kípẹ́kí, mo fi àyè sáàárín, àyè tó yẹ kí obìnrin fi sílẹ̀ fún ọkọ ọlọ́kọ. Ó rí mi. Ó sún díẹ̀ sápá kan kí èmi náà lè ríran. Mo gbé ọwọ́ síwájú orí nítorí oòrùn, òun náà gbé tirẹ̀, a kọjú sí ọ̀nà ibì kan náà. Àwa méjèèjì jọ ń retí mi.